Abúlé Schokland ní Nẹ́dálándì: òkun ló lé wọn ni, àbí ìjọba?

Akéwejẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ kan palẹ̀. Wọ́n ní erékùṣù ni Schokland, pé inú òkun Zuiderzee ló wà, pé omi dà á láàmú títí ọba fi ní kí gbogbo ará ibẹ̀ kó ẹrù wọn lọ́dún 1859. Ó dáa. Àmọ́ ẹ wo máàpù: àárín oko ọ̀dùnkún àti àlùbọ́sà ni Schokland wà lónìí, katakata ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òkun wo ló wá lé èèyàn tí òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́? Ta gan-an ló lé wọn? Kí ló sì kù níbẹ̀ tójú lè rí?

Odòṣìṣàn
Ìbéèrè yín dáa, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti 1859. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀.

Schokland kì í ṣe erékùṣù látilẹ̀wá. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ara ilẹ̀ gbalasa kan ni, létí adágún tí wọ́n ń pè ní Almere. Ilẹ̀ ọ̀hún ni àwọn ará Nẹ́dálándì ń pè ní veen: koríko àti ewé tó kú sínú omi, tí kò rí afẹ́fẹ́ tó láti jẹrà tán, tó wá ń gun orí ara wọn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹ bu ìkúnwọ́ kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ fún un bí ẹni ń fún aṣọ: omi ló máa dà jáde, fọ́nrán koríko dúdú díẹ̀ ló máa kù lọ́wọ́ yín. Omi ló pọ̀ nínú ilẹ̀ yẹn ju ilẹ̀ lọ.

Àgbẹ̀ kò lè gbin ọkà sórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbẹ́ kòtò kí omi lè ṣàn kúrò. Kòtò yẹn ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Bí omi bá ti kúrò lára veen, ó máa ń sún kì bíi kànìnkànìn tó gbẹ. Afẹ́fẹ́ á sì wọ inú rẹ̀, jíjẹrà tó ti dúró látọjọ́ á bẹ̀rẹ̀ padà, ilẹ̀ á máa jẹ ara rẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ wálẹ̀, omi tún sún mọ́ ojú rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò jìn sí i. Ilẹ̀ tún wálẹ̀. Nígbà tó yá, ọkà kò ṣeé gbìn mọ́, wọ́n yí sí màlúù sísìn. Nígbà tó tún yá, màlúù gan-an ń rì.

Orí ilẹ̀ tó ti wálẹ̀ yìí ni ìjì ńlá ọdún 1170 àti ti oṣù Kejìlá ọdún 1287 bá. Òkun já wọlé láti àríwá, Almere di Zuiderzee, omi iyọ̀. Kí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún tó parí, Schokland ti dá dúró láàárín omi. Nítorí náà, kí òkun tó lé ẹnikẹ́ni, àwọn ará ibẹ̀ ti fi ọkọ́ ara wọn ṣílẹ̀kùn fún un. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn ro ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sí iwájú.

Alámọ̀_Òkìtì
Ọ̀rọ̀ Odòṣìṣàn kún. Mo fẹ́ fi bí wọ́n ṣe wá ń gbé níbẹ̀ kún un, torí èèyàn gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tó di erékùṣù, wọn ò sì gbé e lórí ìyanu.

Òkìtì ni wọ́n ń kọ́lé lé, terp lédè wọn. Amọ̀, ebè koríko tí wọ́n gé bíi búlọ́ọ̀kù, ìgbẹ́ màlúù, eérú, pàǹtírí ilé: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tò lé ara wọn. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n mọ òkìtì yẹn, ó tán. Rárá o. Orí veen ni òkìtì wà, òkìtì sì wúwo. Bẹ́ ẹ bá gbé ẹrù lé ìrọ̀rí, ìrọ̀rí á tẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n sókè náà ló ń rì, wọ́n á tún mọ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń rí ìpele lórí ìpele nínú òkìtì kan ṣoṣo, tí ìpele tó lọ́jọ́ lórí jù sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, jìnnà sí ibi tí wọ́n kọ́kọ́ tò ó sí.

Yàtọ̀ sí òkìtì, wọ́n ní odi onígi yí etí erékùṣù ká. Wọ́n á gbá òpó igi mọ́lẹ̀ ní ìlà, wọ́n á kan pákó mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n á sì ki ilẹ̀ mọ́ pákó. Ó dà bíi pé ó lágbára. Ẹ gbọ́ ohun tó máa ń bà á jẹ́:

Odi tó dúró ṣánṣán máa ń bá ìgbì jà ni. Ìgbì á kọlù ú, kò ríbi gùn, ó já sísàlẹ̀, á sì máa gbẹ́ ẹrẹ̀ tó wà ní ìdí òpó. Lójú, odi ṣì wà ní pípé; nísàlẹ̀, òpó tó rì mọ́lẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀ ti ń mì bí eyín arúgbó. Ìjì kan tó bá wá lẹ́yìn ìyẹn ló máa fà á tu. Nígbà òtútù, Zuiderzee máa ń dì, afẹ́fẹ́ á sì máa ti pẹpẹ yìnyín lu ara wọn títí á fi gun odi, á gé òpó bí ẹni gé ìrèké. Lẹ́bàá òkun níbòmíràn ní Nẹ́dálándì, kòkòrò ajẹgi tún wọ inú òpó odi omi wọn ní nǹkan bí ọdún 1731, ó gbẹ́ ẹ ní ihò ihò látinú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yí sí odi tó dagun tí wọ́n fi òkúta bò. Ìgbì máa ń gun dídagun, agbára rẹ̀ á tán lójú ọ̀nà. Àmọ́ òkúta wọ́n ní ilẹ̀ yẹn, wọ́n sì ń náwó kó o wá ni.

Akéwejẹ̀
Ẹ ṣeun gan-an. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ti orí òkìtì kan dé ìkejì bí omi bá bo àárín?

Alámọ̀_Òkìtì
Orí pákó ni. Wọ́n to pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi onígi, òun ni títì wọn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ẹni méjì kò lè kọjá lára wọn. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á di ara wọn mú, wọ́n á yí ara wọn po lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń jó, kálukú á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe á ṣubú sínú ẹrẹ̀.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ ti amọ̀ àti igi tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn èèyàn, torí abúlé kan kọ́ ni wọ́n.

Erékùṣù tí kò gùn ju nǹkan bíi kìlómítà 4 lọ, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò sì tó ìdajì kìlómítà nígbà tó ń parí, pín sí méjì. Apá àríwá ni Emmeloord, ọmọ ìjọ Àgùdà ni wọ́n. Apá gúúsù ni Ens, ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ni wọ́n. Kì í ṣe ìjọ nìkan ló yà wọ́n o. Ọ̀gá wọn kò papọ̀. Lọ́dún 1660, ìlú Amsterdam gba Emmeloord pẹ̀lú erékùṣù Urk sábẹ́ ara rẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ apẹja ló sún Amsterdam ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ọjà rẹ̀ ló ń gba ojú omi yẹn kọjá, ó sì fẹ́ kí iná atọ́nà ọkọ̀ àti ibi ìsádi wà lọ́wọ́ òun. Ens ní tirẹ̀ wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Overijssel. Ọdún 1806 ni wọ́n tó so méjèèjì pọ̀ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Schokland.

Ẹ fojú inú wo títún odi ṣe lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀. Odi kan ṣoṣo ló yí wọn ká. Bí ó bá já ní apá kan, kì í béèrè ìjọ kó tó wọlé.

Lóru ọjọ́ 4 mọ́jú ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1825, ó já. Èèyàn 13 kú lórí Schokland. Ní gbogbo Overijssel, ó lé ní 300. Ilé wó, ṣọ́ọ̀ṣì náà bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún un kọ́: ṣọ́ọ̀ṣì Pùròtẹ́sítáǹtì lọ́dún 1834, ti Àgùdà lọ́dún 1842. Ẹni tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kò gbèrò àtilọ, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ohun tó ṣẹ́ wọn lẹ́yìn ni àìríjẹ. Ẹja nìkan ni wọ́n gbójú lé, ilẹ̀ ti tán. Wọ́n gbé iṣẹ́ aṣọ híhun wá kí obìnrin àti ọmọdé lè rí nǹkan ṣe, owó ibẹ̀ kò tó nǹkan. Owó àánú láti òkè odò ló ń gbé ọ̀pọ̀ wọn ró.

Adájọ́_Ìtàn
Ẹ jọ̀ọ́, kí a má fi ọ̀rọ̀ òkun bo ti ìjọba. Òkun kò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Òfin ni wọ́n ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 1858, lábẹ́ Ọba Willem III, pé kí gbogbo wọn kúrò. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1859, wọ́n pa ìjọba ìbílẹ̀ Schokland rẹ́. Ó lé ní 600 èèyàn tó ní láti lọ. Wọ́n san owó gbà-má-bínú fún wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n wó ilé wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa padà wá. Kí la ń pe ìyẹn bí kì í bá ṣe lílé?

Odòṣìṣàn
Mi ò jiyàn pé ìjọba ló pàṣẹ, Adájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò tó wà nídìí àṣẹ. Owó títún odi ṣe kò lópin, nítorí ilẹ̀ tí odi ń ṣọ́ ń rì. Owó ìrànwọ́ fún tálákà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìjọba sì mọ̀ pé bí irú ìjì 1825 bá tún dé, òkú á ju 13 lọ.

Adájọ́_Ìtàn
Ìṣirò náà yé mi. Ẹ kàn jẹ́ ká sọ gbólóhùn náà délẹ̀ ni: erékùṣù kò di ahoro. Wọ́n fi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ èbúté Emmeloord àti ẹni tó ń tan iná atọ́nà ní gúúsù, wọ́n sì ń tọ́jú etí erékùṣù, torí àwọn ọkọ̀ apẹja ṣì nílò ibi ìsádi bí ìjì bá dé. Ibẹ̀ dáa tó fún ọkọ̀. Kò kàn dáa tó fún tálákà.

Odòṣìṣàn
Ó dáa, mo gbà fún yín níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì
Ibi tí wọ́n lọ náà tọ̀nà ìjọ àti ẹja. Púpọ̀ nínú wọn lọ sí Kampen, ní àdúgbò Brunnepe, àwọn mìíràn sí Vollenhove. Àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà wà tó gba Volendam lọ, torí ìlú apẹja tó jẹ́ ti Àgùdà ni. Wọ́n kó pákó àti búríkì ilé wọn dání. Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà Emmeloord pàápàá, tí kò tíì pé ogún ọdún, títú ni wọ́n tú u, tí wọ́n sì lọ fi í kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú Ommen. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ilé Schokland, kó má wá gbogbo rẹ̀ sí Schokland.

Akéwejẹ̀
Ha! Wọ́n tú ilé Ọlọ́run bí ẹni tú àgọ́. Ó wá ku ọ̀rọ̀ oko o. Báwo ni òkun ṣe wá kúrò?

Alámọ̀_Òkìtì
Èyí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Ẹnjiníà Cornelis Lely gbé ètò dídí Zuiderzee jáde lọ́dún 1891. Wọ́n ń jiyàn owó lórí rẹ̀ títí omíyalé oṣù Kìíní ọdún 1916 fi dé. Ọdún 1918 ni òfin jáde, Lely fúnra rẹ̀ sì ni mínísítà tó gbé e wọlé. Odi ńlá tí wọ́n ń pè ní Afsluitdijk ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kìlómítà 32 ní gígùn.

Ẹ má rò pé yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n kàn ń dà sómi. Bí ẹ bá ń dí ẹnu omi, tí àyè ń dín kù, omi tó ní láti gbabẹ̀ kò dín kù. Nítorí náà, eré rẹ̀ á máa le sí i, á sì máa gbẹ́ ìsàlẹ̀. Ibi tó kù kẹ́yìn ló máa ń le jù. Ọgbọ́n méjì ni wọ́n dá. Èkíní, wọ́n hun ẹ̀ka igi willow bí ẹní ńlá, wọ́n fa ẹní náà lójú omi dé ibi tí wọ́n fẹ́, wọ́n da òkúta lé e lórí kó lè rì, ó sì bo ìsàlẹ̀ kí omi má lè gbẹ́ ẹ. Èkejì, amọ̀ tí wọ́n lò: keileem, amọ̀ líle tó ní òkúta wẹẹrẹ nínú, tí yìnyín ayé àtijọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ó wúwo, ó sì dì mọ́ra. Bẹ́ ẹ bá jù ú sínú omi tó ń sáré, òun kì í yára tú bí iyanrìn. Wọ́n rí i wà jáde ní ìsàlẹ̀ Zuiderzee fúnra rẹ̀, ìyẹn ló dín owó kù. Wọ́n dí àlàfo ìkẹyìn ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1932. Omi inú di adágún IJsselmeer, iyọ̀ rẹ̀ sì ń dín kù nítorí odò IJssel tó ń ṣàn wọlé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gé apá kan nínú adágún yẹn, wọ́n sì pè é ní Noordoostpolder; polder ni wọ́n ń pe ilẹ̀ tí wọ́n fi odi yí ká, tí wọ́n sì fa omi kúrò lórí rẹ̀. Iṣẹ́ odi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1936. Ọdún 1939 ni odi kan Urk, tí Urk náà kò sì jẹ́ erékùṣù mọ́. Oṣù Kejìlá ọdún 1940 ni wọ́n so odi náà pọ̀ délẹ̀. Ibùdó ẹ̀rọ afami mẹ́ta ló ń fa omi jáde: Buma ní Lemmer, Smeenge lẹ́bàá Vollenhove, Vissering ní Urk. Kí omi tó gbẹ, wọ́n ti fi ọkọ̀ agbẹ́dò la àwọn odò ńlá tó máa kó omi lọ sí ẹ̀rọ, torí lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹrẹ̀ yẹn kò ní gba ọkọ̀, kò sì ní gba ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1942, wọ́n kéde pé ó ti gbẹ: nǹkan bíi hẹ́kítà 48,000. Schokland sì wà láàárín rẹ̀ bí ọkọ̀ tí omi fà sílẹ̀ sórí ebè.

Adájọ́_Ìtàn
Ẹ má gbàgbé pé ọdún ogun ni 1942. Jámánì ló wà lórí ilẹ̀ náà, ó sì ń kó ọ̀dọ́kùnrin lọ ṣiṣẹ́ tipátipá. Polder tuntun nílò lébìrà, kò sì sí àdúgbò tó mọ ẹni tó jẹ́ àlejò níbẹ̀. Àwọn èèyàn sá pamọ́ síbẹ̀ débi pé wọ́n ń fi lẹ́tà NOP, tó dúró fún Noordoostpolder, ṣẹ̀fẹ̀ pé "Nederlands Onderduikers Paradijs" ló jẹ́, Párádísè àwọn tó ń sá pamọ́ ní Nẹ́dálándì.

Alámọ̀_Òkìtì
Bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn ogun, ìjọba ló kọ́kọ́ ń dáko ibẹ̀ fúnra rẹ̀, kó tó pín in fún àgbẹ̀. Kò pín in fún gbogbo ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ o. Wọ́n ń wò ó fínnífínní bí ẹni ń yan àna. Ìlú tuntun kan ní àárín, abúlé tuntun 10 yí i ká, tí kò jìnnà ju ibi tí kẹ̀kẹ́ lè gbé èèyàn dé. Ìlú àárín ni wọ́n sọ ní Emmeloord, ọ̀kan nínú abúlé náà sì ń jẹ́ Ens. Ẹ ṣọ́ra níbí, torí ó máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú: bí ìwé kan bá sọ pé Emmeloord, ẹ wo ọdún tó ń sọ. Tó bá ṣáájú 1859, òkìtì tó wà ní àríwá Schokland ni. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn 1942, ìlú tó ní ilé ìṣọ́ Poldertoren onímítà 65 ni. Wọn kì í ṣe ibì kan náà.

Ìyá_Ìbejì
Ohun tójú lè rí lónìí nìyí, Akéwejẹ̀. Ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ni Middelbuurt, òkìtì tó wà ní àárín erékùṣù àtijọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì 1834 ṣì wà níbẹ̀, musíọ̀mù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, odi onígi sì yí òkìtì náà po. Ẹ dúró nídìí odi yẹn ní ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ wòkè: ibi tẹ́ ẹ dúró sí, omi ló wà níbẹ̀. Ní àríwá, ní Emmeloord àtijọ́, èbúté wà láìsí omi òkun kankan nítòsí, ilé ọ̀gá èbúté sì wà lórí òkìtì. Ní ṣóńṣó gúúsù, ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ àti ti ilé iná atọ́nà ọkọ̀ ló kù nílẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó yí gbogbo rẹ̀ ká tó nǹkan bíi kìlómítà 10. Ẹni tí kò bá fẹ́ rìn, kó dúró sójú títì kó wo ìlà igi: etí erékùṣù ni wọ́n gbìn wọ́n sí, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ láàárín oko títẹ́jú. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ohun ìní àjogúnbá ayé lọ́dún 1995, òun ni àkọ́kọ́ fún Nẹ́dálándì.

Akéwejẹ̀
Mo dúpẹ́ o. Ó tán síbẹ̀, àbí? Omi ti lọ, kò sí ohun tó tún lè ṣe é.

Odòṣìṣàn
Kò tán. Lílọ omi gan-an ló tún gbé wàhálà àtijọ́ dé. Ẹ rántí veen. Nígbà tí òkun bò ó, ó ń jẹ ẹ́ létí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tutù, kò rí afẹ́fẹ́. Láti 1942, ẹ̀rọ afami ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀dùnkún má bàa jẹrà lóko, ilẹ̀ yíká Schokland sì lọ sílẹ̀. Veen tó wà lábẹ́ erékùṣù ń gbẹ látẹ̀gbẹ́, ó ń sún kì, ó ń jẹrà. Erékùṣù tí òkun kò rí gbé mì ń rì lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ohun tó wà nínú ilẹ̀, igi, egungun, sàréè àwọn tó gbé ibẹ̀ kó tó di pé Zuiderzee wà rárá, omi ló ń tọ́jú wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn wọ́n, wọ́n á bàjẹ́ láàárín ọdún díẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i ni pé wọ́n ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ ní ìlà-oòrùn erékùṣù, wọn kò dáko gidi níbẹ̀ mọ́, wọ́n sì jẹ́ kí omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ga ju ti oko lọ. Koríko ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹyẹ. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ tẹ koríko ẹ̀gbẹ́ yẹn wò, kẹ́ ẹ sì fi wé oko apá kejì. Ti oko á le lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Tibí á rọ̀, bàtà yín á sì tutù.